Yàrá Tí Wọn Ò Rẹ́ Ilẹ̀ Rẹ̀

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ń fi àkùkọ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nínú ilé ọkọ mi. Ikọ́ ìyá arúgbó kan la fi ń mọ̀. Ìyá náà kì í ṣe ìyá wa, kì í ṣe ẹbí wa, ọmọ rẹ̀ gan-an sì lẹni tí a ń bá jà. Síbẹ̀, bó bá ti hú ikọ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀, wàá gbọ́ tí bàbá ọkọ mi á mí kanlẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, ìyá ọkọ mi á ní "Alhamudulilahi", èmi náà á wá rántí pé mo ní omi láti gbé kaná. Bí ikọ́ náà bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́ lórí ẹní, a ó máa tẹ́tí. Oríṣìíríṣìí ẹ̀rù ló ti bà mí láyé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú yẹn, kí ènìyàn máa bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ẹni tí òun ń bá ṣẹjọ́ kú.

Ilé kan ló fà á. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ilẹ̀ ní Ṣàngó, níbi tí ọ̀nà Ìdíròkò ti yà kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ lónìí kò ní gbà fún mi bí mo bá ní ẹ̀gẹ́ la ń gbìn síbẹ̀, pé ilé alámọ̀ kan péré ló wà lẹ́yìn oko náà, níbi tí àwa ń gbé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun àwọn Òyìnbó parí, lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èrò inú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, wọ́n á máa wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ẹni tó bá lójú ti rí i pé oko ẹ̀gẹ́ yẹn ò ní pẹ́ di ibi ọjà.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ara wa. Kọngílá kan ni, ọmọ Adó-Odò, tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà l'Ékòó kó tó di ẹni tí ń kọ́ odindi ilé fún àwọn oníṣòwò. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá bá bàbá ọkọ mi, tí èmi ń pè ní Bàbá, ó sì la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìfi bọpobọyọ̀. Ó ní a ní ilẹ̀, a ò ní ohun tí a ó fi kọ́lé. Òun ní páànù, òun ní sìmẹ́ńtì, òun ní àwọn bíríkìlà, ṣùgbọ́n òun ò ní ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kí a jọ pa á pọ̀. Ilé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, ṣọ́ọ̀bù níwájú, yàrá lẹ́yìn, apá kan fún wa, apá kan fún òun. Tiwa, tiwa ni títí láé. Tirẹ̀, yóò máa jẹ èrè rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi máa dé, lẹ́yìn náà ilé á padà sọ́wọ́ onílẹ̀, nítorí ilẹ̀ ò sí nínú ohun tí wọ́n jọ pín.

Bàbá fẹ́ràn ìpadàbọ̀ yẹn. Ó tún un sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó rí oúnjẹ ọ̀fẹ́, pé ọmọ òun á jogún ilé tí òun ò fi kọ́bọ̀ kọ́. Wọ́n pe àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n pa obì, ó tán. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé. Bàbá sọ pé ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ti ní ìjà lọ́kàn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ta okùn sórí ilẹ̀. Èmi ni mo gbé omi mímu wá fún wọn, nítorí náà mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, ohun tí mo rí náà ni ò sì jẹ́ kí n lè búra fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Bàbá dúró sínú ilẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé wa, ó kọjú sí ọ̀nà, bí baálé ṣe ń jókòó síwájú ilé rẹ̀. Kọngílá dúró sójú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Bàbá ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa. Ọ̀tún ni tàgbà." Kọngílá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ni tiyín. Inú gbogbo wọn dùn. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́, kò sẹ́ni tó tọ́ka sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ dìde kí ẹ ṣe é wò. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá bọ́ sí apá oríta, níbi tí lọ́rì ń dúró. Ọwọ́ ọ̀tún kọngílá bọ́ sí apá igbó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ju ìyàtọ̀ ọjà àti ìtẹ́ òkú lọ.

Ilé náà dìde, ó sì rẹwà. Mo ní láti sọ òótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Páànù rẹ̀ ń dán débi pé àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ọwọ́ bojú lọ́sàn-án. Bàbá ti ṣèlérí pé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun oríta ni òun máa fún mi. Mo ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà náà, ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló rà á fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé ni mo sì ti ń ránṣọ, tí ewúrẹ́ ń jẹ aṣọ oníbàárà. Lọ́kàn mi, mo ti gbé ẹ̀rọ náà dé igun yẹn. Mo ti mọ ibi tí mo máa fi kọ́ aṣọ tó ti parí sí. Mo ti ń bá àwọn obìnrin inú lọ́rì ná ọjà lójú àlá.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kun ilé náà tán, mo rí obìnrin kan tó ń to búrẹ́dì sínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nínú èkejì rẹ̀, ọkùnrin kan ti so táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ara ògiri. Kọngílá ti fi ayálégbé sí gbogbo apá oríta, ó sì ní kí á má bínú, kí á wá gba kọ́kọ́rọ́ tiwa ní apá igbó.

Bàbá sáré jáde láìwọ bàtà. Kọngílá ò pariwo mọ́ ọn. Ó mú un lọ́wọ́ bí ọmọ ṣe ń mú bàbá, ó mú un dé ojú ọ̀nà, ó ní kó kọjú sílé, kó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Bàbá já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní òun ò tíì rí baálé tó ń dúró sójú títì kó tó mọ ọ̀tún ilé ara rẹ̀.

Ẹjọ́ dé kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn adájọ́ wá wo ilé fúnra wọn, mo sì rò pé ọjọ́ náà ni yóò parí. Ọ̀kan nínú wọn dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan dúró sójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n wo ara wọn, àwọn èrò lọ́rì sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi àwọn ẹlẹ́rìí obì léèrè. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ, pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Kóòtù sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ayálégbé tuntun sínú ilé náà títí wọ́n á fi dájọ́. Ó ku yàrá kan ṣoṣo lápá oríta tí kò tíì ní èèyàn, yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ilé wa. Bàbá fi òfin kóòtù yẹn tu ara rẹ̀ nínú, ó ní ó kéré tán, wọ́n á fi èyí sílẹ̀ fún òun láti máa wò.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni kọngílá gbé ìyá rẹ̀ wá. Lọ́rì ló gbé e wá láti Adó-Odò, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, bùtà àlùwàlá àti àpótí onígi kan. Wọ́n gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Bàbá ní ta ni kò gbọ́ ohun tí kóòtù wí. Kọngílá ní òun gbọ́. Ó ní ìyá òun kì í ṣe ayálégbé.

Ní ọjọ́ yẹn a kàn rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, láti fi èèyàn di àyè mú. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, ó dá ọ̀bẹ dúró, ó ní, "Ìyá yẹn ò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìyàgbẹ́." Bàbá yíjú sí yàrá náà, ó sì ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbé òkú lọ sí ibi tí ìjọba ṣètò, bóyá ó ṣòro fún yín láti mọ ohun tó dẹ́rù bà wá. Nígbà náà, ilé ni a ń sin àgbà sí. Ibi tí wọ́n bá sin ìyá ènìyàn sí, ta ló lè lé e kúrò níbẹ̀? Ta ló lè sọ fún ọmọ pé kó kó ẹrù rẹ̀ lórí sàréè ìyá rẹ̀? Bí ìyá yẹn bá kú sínú yàrá náà, tí wọ́n sin ín síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì ti parí. Ìpadàbọ̀ tí Bàbá ń yọ̀ sí ti parí pẹ̀lú. Ọmọ-ọmọ kọngílá á máa gbàdúrà lórí sàréè náà, wọ́n á máa pe ibẹ̀ ní ilé wa, kò sì ní sí kóòtù tó máa gbọ́ tiwa.

Bí àwa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìyá nìyẹn. Mo lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé kò sí arúgbó tí wọ́n tọ́jú tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀tà lọ́dún náà. Ìyá ọkọ mi ń fi adìẹ tirẹ̀ se ọbẹ̀ fún un, adìẹ tí kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn nígbà tí mo wà nínú oyún. Bàbá fúnra rẹ̀ lọ já ewé àgbo nínú ìrì. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ láàárọ̀, tí mo ń bu omi ìwẹ̀ sí i lára, tí mo ń gbá yàrá. Bí mo bá ti ń padà bọ̀, Bàbá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò ní bèèrè nǹkan kan. Á kàn máa wo inú abọ́ bóyá ẹ̀kọ tán. Bó bá tán, á lọ jókòó. Bó bá ṣẹ́ kù, kò ní lè jẹ tirẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ń yìn wá. Wọ́n ní a ò fi ti ọmọ ṣe ti ìyá, pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Mo mọ inú ara mi náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń bọ́ lẹ́kọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn ò lè máa fọ ẹ̀yìn arúgbó lójoojúmọ́ kó máa ronú nípa ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ìyá náà ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu. Ó sọ fún mi pé ẹ̀kọ mi ki ju ìwà mi lọ. Ó ní ọwọ́ mi le bí ọwọ́ bíríkìlà, ṣé bí mo ṣe ń fọ ọkọ mi nìyẹn. Nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ á mú un, èmi náà á sì gbàgbé ẹ̀rín títí tí ikọ́ náà á fi sinmi.

Èmi ni mo ń gbá yàrá náà, nítorí náà èmi ló yẹ kó ti rí ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí. Ó jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, mo ń gbálẹ̀, eruku ń sọ. Ó ní kí n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, wo ilẹ̀ yìí dáadáa. Yàrá mélòó lo ti wọ̀ nínú ilé yìí tó ní eruku?"

Mo wolẹ̀. Erùpẹ̀ lásán ni, wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Mo ti wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù iwájú, mo ti wọ àwọn yàrá apá igbó, sìmẹ́ńtì dídán ló wà nínú gbogbo wọn. Mo ní bóyá sìmẹ́ńtì ló tán kí wọ́n tó dé ibí.

"Ó tán, wọ́n sì rẹ́ ìta níbi tí ewúrẹ́ ń sùn sí?" Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Mo ti ṣe ìyàwó káfíńtà, mo ti bí kọngílá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi yàrá tí wọn ò rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Sìmẹ́ńtì ṣòro láti gbẹ́."

Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi gbé mi wá síbí kí n wá kú. Ẹ̀yin ń bọ́ mi kí n má baà kú síbí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo fẹ́ sùn. Adó-Odò ni. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ mi tó kú ní kékeré wà. Tí mo bá kú, kó o sọ bẹ́ẹ̀."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo ti rò pé a gbọ́n, pé adìẹ àti àgbo ti bo ohun tí a ń ṣe. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun bá bá ọmọ òun sọ, àárín àwọn ló wà. Mo ní kí a wá lọ́rì, kí a gbé e lọ sílé nígbà tó ṣì wà láàyè. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú ọkọ mi pé ó jí ìyá ẹlòmíràn gbé. Ó ní kí n máa gbálẹ̀ mi.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo sọ fún un. Ó ní kí n má tíì sọ fún Bàbá rárá. Mo ní kí ló dé, ṣé kì í ṣe ohun tí Bàbá ń wá nìyí.

"Ohun tó ń wá gan-an ni," ni ọkọ mi wí. "Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ní gbà ọ́ gbọ́. Bí Bàbá bá gbọ́ lónìí, á ti dé etí gbogbo Ṣàngó lọ́la, wọ́n á ní àwa la kọ́ ọ lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó ti ṣáájú lọ. Ṣé ẹ rí i, mo di òtítọ́ mú lọ́wọ́, òtítọ́ náà ò sì wúlò, nítorí pé ó jọ irọ́ tó máa ṣe wá láǹfààní. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ránṣọ lábẹ́ igi ọsàn, etí mi kan máa ń wà lára ògiri yẹn. Mo rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn fún obìnrin kan. Ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù nínú abọ́. Kọngílá wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ díẹ̀, nígbà tó lọ tán mo rí ṣọ́bìrì tuntun méjì tó fi ti ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí a bi í, ó ní bíríkìlà òun ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Bàbá rí wọn. Kò gbé wọn kúrò, kò sì lè sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, a ò gbọ́ ikọ́.

Gbogbo wa wà lórí ẹní, a ń tẹ́tí. Àkùkọ ti kọ, lọ́rì àkọ́kọ́ ti kọjá. Mo gbọ́ tí Bàbá dìde jókòó. Mo gbọ́ ìyá ọkọ mi tó pe orúkọ Ọlọ́run wẹ́rẹ́. Èmi ni mo ní láti lọ, nítorí èmi ni mo máa ń lọ. Mo gbé omi gbígbóná dání bí ẹni pé mo máa lò ó. Ìyá dùbúlẹ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ ti tutù. Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀ erùpẹ̀ yẹn, mo sì sunkún fún òun nìkan, mi ò ro ṣọ́ọ̀bù kankan.

Kó tó di pé oòrùn ga, ilé ti kún. Kọngílá ti dé, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn ọkùnrin méjì tó wá pẹ̀lú rẹ̀ sì ti mú ṣọ́bìrì dání. Àwọn obìnrin wẹ òkú, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó na ọ̀pá náà dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbikíbi láyé, kì í ṣe níbí. Kọngílá ní òun ò mọ̀ pé ènìyàn lè dí òkú lọ́nà. Àwọn kan ń pariwo pé kí Bàbá bọ̀wọ̀ fún òkú, àwọn kan ń pariwo pé kí kọngílá bọ̀wọ̀ fún onílẹ̀. Mo rí ọwọ́ ọkọ mi tó ti di ẹ̀ṣẹ́, mo sì ń wo ṣọ́bìrì yẹn, mo ń ro ohun tí irin rẹ̀ lè ṣe sí orí ènìyàn.

Lèmọ́mù àdúgbò ló pa ariwo náà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní òkú ò lè dúró de kóòtù, ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ lónìí. Ó wá bèèrè ohun kan tí kò sẹ́ni tó ti bèèrè, ìyẹn ni bóyá ìyá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún ẹnikẹ́ni.

Mo wo kọngílá, ó ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, mo sọ ohun tí ìyá sọ fún mi, bó ṣe sọ ọ́, Adó-Odò, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké.

Bàbá ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sì hàn lójú rẹ̀, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní ṣé wọ́n gbọ́, ṣé wọ́n gbọ́. Gbogbo wọn wo ojú rẹ̀, wọ́n sì wo èmi. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ mi ṣe kú lójú wọn. Kọngílá rẹ́rìn-ín kíkan.

"Ìyàwó ilé wọn ni," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù igun oríta yẹn, èmi ni wọ́n fi ṣèlérí fún. Tó bá jẹ́ pé torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ̀rọ̀, kí n má jókòó sínú ẹ̀ láéláé. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ gbé ìyá lọ sílé wọn."

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Lèmọ́mù wò mí, lẹ́yìn náà ó yí sí Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ayọ̀ kúrò lójú Bàbá. Ó wo òkú tí wọ́n wé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilé lọ títí dé igun oríta, níbi tí obìnrin oníbúrẹ́dì ti dúró pẹ̀lú atẹ́ lórí. Nígbà tó gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.

"Kó mú apá oríta," ó ní. "Bó ṣe fẹ́ ka ọwọ́ ọ̀tún, kó kà á bẹ́ẹ̀. Títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gbé ìyá rẹ̀ lọ síbi tó ní kí wọ́n gbé òun lọ."

Gbogbo ojú wá bọ́ sára kọngílá. Ohun tó ń bá wa jà lé lórí ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ní gbangba, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Bó bá tún ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ó na ọwọ́, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó fi ti ògiri.

Lọ́rì tó ń kó gàárì ló gbé wa. Mo tẹ̀ lé òkú nítorí pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù nínú àwọn obìnrin ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má lọ. Kọngílá jókòó sẹ́yìn lọ́rì pẹ̀lú wa, ó gbé eékún sókè, ìyá rẹ̀ wà láàárín èmi àti òun. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Àtàn, ìlú mi. Mo rò pé inú ló ń bí i. Eruku pupa ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí lọ́rì yà sí ọ̀nà Adó-Odò, ó ní, "Ìyàwó, ṣé lóòótọ́ ni Màmá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Mo ní, "Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ bàbá yín."

Ó mi orí. Ó tún aṣọ funfun náà ṣe níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e.

"Wọ́n sọ fún èmi náà," ó ní. "Ọjọ́ tí mo wá gbé wọn nílé ni wọ́n ti sọ fún mi."

Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà náà, mo di ẹsẹ̀ ìyá mú kó má baà máa gbọ̀n, òun náà di orí rẹ̀ mú, a sì ń lọ bẹ́ẹ̀.